Ṣé WiFi oní 100 mW (ìdá kan nínú mẹ́wàá wáàtì) lè gbéra ní Ilé-Ifẹ̀ kó dé Iléṣà?

OníKáfè_Ìmọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Fáíbà ti dé ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Pàràkín, Ilé-Ifẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìmọ̀, Iléṣà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ibẹ̀ kò sì gbé kọ̀ǹpútà mẹ́jọ. Mo fẹ́ fi WiFi gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti ọ̀hún wá. Oníṣòwò kan ní kí n ra búsítà oní wáàtì 5, ó ní ìyẹn ti parí ẹ̀. Ẹnìkan tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa ní irọ́ ni, pé WiFi kì í kọjá 100 mítà. Mo sì tún kà á pé wọ́n ti fi rúta kékeré bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti 382 kìlómítà ní Fẹnẹsúẹ́là. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè jẹ́ òótọ́ pa pọ̀. Èwo ni kí n gbà?

———

Bàbá Másìtì

Ti Fẹnẹsúẹ́là yẹn, òótọ́ ni. Ní 2007, Ermanno Pietrosemoli àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ so orí òkè Pico del Águila pọ̀ mọ́ Platillón, 382 kìlómítà. Rúta Linksys WRT54G tí gbogbo ayé ń rà nígbà náà ni wọ́n lò, lórí 2.4 GHz, ọ̀kan nínú àwọn ìgbì tí WiFi ń lò. Wọ́n yí software inú rẹ̀ padà, wọ́n sì so áńténà ńlá mọ́ ọn. Nǹkan bíi 3 Mbps ló ń kọjá lápá kọ̀ọ̀kan. Ní 2006 wọ́n ti ṣe 279 kìlómítà ṣáájú.

Ti 100 mítà náà, òótọ́ ni fún rúta inú ilé. Áńténà rẹ̀ ń fọ́n agbára ká síbi gbogbo, ògiri sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò parọ́ fún yín. Búsítà wáàtì 5 yẹn ni mi ò fara mọ́ rárá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tí ẹ bá fa ìlà gbọọrọ láti Ifẹ̀ dé Iléṣà lórí máàpù, ẹ fi í sí 25 kìlómítà; ọ̀nà mọ́tò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí 2.4 GHz, òfuurufú lásán máa jẹ 128 dB nínú ohun tí ẹ bá rán kó tó débẹ̀ (dB ni a fi ń wọn bí agbára ṣe ń pọ̀ tàbí dín kù; 10 dB kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá). Rúta 100 mW, 20 dBm nìyẹn; dBm ni agbára tí a fi 1 mW ṣe ìbẹ̀rẹ̀ kíkà rẹ̀. Áńténà tó bá a wá látinú páálí jẹ́ 2 dBi lápá kọ̀ọ̀kan (dBi ń sọ bí áńténà ṣe ń kó agbára jọ sí apá kan tó):

20 + 2 + 2 − 128 = −104 dBm

Kò sí rédíò WiFi tó máa gbọ́ ìyẹn, ariwo ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ wá fi búsítà wáàtì 5 sí i, 37 dBm: ó di −87. Ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ yín fìrìfìrì, àmọ́ èsì tó ń padà bọ̀ ṣì wà ní −104. WiFi kì í ṣe ilé-iṣẹ́ rédíò tó ń sọ̀rọ̀ láìretí èsì. Gbogbo ìdìpọ̀ dátà tó bá lọ, ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ dáhùn pé òun ti gbà á. Tí èsì kò bá dé, wọ́n á tún un rán, wọ́n á tún un rán títí wọ́n á fi pa á tì. Ẹ óò ra búsítà kejì, agbára náà á sì ṣì wà létí bèbè.

Ẹ mú búsítà kúrò. Ẹ so díìṣì grid 24 dBi mọ́ rúta kan náà lápá méjèèjì, ẹ yọ 2 dB fún wáyà:

20 + 24 + 24 − 2 − 128 = −62 dBm

Láti gbé 6 Mbps, rédíò kò fẹ́ ju nǹkan bíi −90 dBm lọ. 28 dB ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín. Díìṣì méjì yẹn fi 44 dB kún un láìfi ẹyọ wáàtì kan kún iná tí ẹ ń sun, bó sì ṣe ń ran ọ̀rọ̀ tó ń lọ lọ́wọ́ náà ló ń ran èyí tó ń bọ̀ lọ́wọ́.

———

Tẹkí_Sábó

Bàbá, ẹ má bínú o. Ìṣirò yẹn péye níbi tí kò ti sí nǹkan kan láàárín. Láàárín Ifẹ̀ àti Iléṣà, oko kòkó ló wà níbẹ̀, obì, ọ̀pẹ, pẹ̀lú ìrókò àti arère tó yọrí lókè gbogbo wọn. Ẹni tó bá gbé díìṣì sórí páànù ilé ní Pàràkín tó kọjú rẹ̀ sí Iléṣà, igi ló kọjú rẹ̀ sí. Igi ńlá kan ṣoṣo tó léwé dáadáa lè jẹ 10 sí 20 dB. Mélòó nínú 28 yẹn ló máa kù lẹ́yìn igi méjì?

Nǹkan mẹ́ta ni ẹ gbọ́dọ̀ tò lé ara wọn kí ẹ tó mọ bí áńténà ṣe máa ga tó.

Ìkíní, ilẹ̀ ayé wú ní àárín. Ẹ mú ìjìnnà láti ibi tí ẹ ń wò dé òpin kìíní, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ìjìnnà dé òpin kejì, ní kìlómítà, kí ẹ fi 17 pín in. Ní agbedeméjì 25 kìlómítà: 12.5 × 12.5 ÷ 17, mítà 9 nìyẹn.

Ìkejì, àyè Fresnel. Ìgbì rédíò kì í gba ojú ìlà tín-ín-rín kọjá. Ó nílò àyè yíká ìlà náà, àyè yẹn sì fẹ̀ jù ní agbedeméjì. Fún 25 kìlómítà, láti ojú ìlà dé etí àyè náà jẹ́ mítà 28 lórí 2.4 GHz, mítà 18 lórí 5.8 GHz, ìgbì mìíràn tí WiFi ń lò. Ó kéré tán, 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo: mítà 17 lórí 2.4, mítà 11 lórí 5.8. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Wọ́n á gun orí òrùlé, wọ́n á fi awò wo ọ̀kánkán, wọ́n á rí iná òpó tó ń ṣẹ́jú ní ọ̀hún, wọ́n á ní ọ̀nà ti mọ́. Ojú lè ríran kọjá lórí ewé kí ìgbì má rí àyè kọjá.

Ìkẹta, igi fúnra rẹ̀. Ẹ fi í sí mítà 25.

Ní 5.8 GHz: 9 + 11 + 25, ìlà yín gbọ́dọ̀ fi mítà 45 ga ju ilẹ̀ lọ ní agbedeméjì. Ní 2.4 GHz, 51. Iléṣà ga ju Ifẹ̀ lọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà, ìyẹn ń ràn yín lọ́wọ́ ní ìdajì ọ̀nà tó sún mọ́ Ifẹ̀. Kò ràn yín lọ́wọ́ tí òkè kan bá yọrí láti Òṣú síwájú.

———

Ọmọ_Ọwá

Tí igi bá dínà, ṣé búsítà ò wá ní wúlò níbẹ̀ ni? Kó fi agbára gbà á kọjá?

———

Tẹkí_Sábó

Láti 100 mW sí wáàtì 5, 17 dB péré ni. Igi kan ti gbé e mì. Lẹ́yìn òjò, ewé tó tutù ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Búsítà tí wọ́n ń tà lọ́jà sì ń gbé ariwo sókè pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó ń gbọ́, ó tún ń da WiFi gbogbo àdúgbò rú. Owó wáàtì 5 yẹn, ẹ fi ra páìpù kún òpó yín.

———

Bàbá Másìtì

Mo fara mọ́ ohun tí Tẹkí sọ nípa igi, òun gan-an ló sì ṣàlàyé Fẹnẹsúẹ́là. Ẹ ṣe ìṣirò 17 yẹn fún 382 kìlómítà: ilẹ̀ ayé wú sókè ní agbedeméjì ju 2,100 mítà lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gun Pico del Águila, tó wà ní nǹkan bíi 4,200 mítà. Òkè tó ga ju ìwú ilẹ̀ lọ ló gbé ìgbì wọn dé òdìkejì.

Kì í ṣe nǹkan tuntun ní Ifẹ̀ náà. Ní àárín àwọn ọdún 1990, OAU ti ń fi rédíò so àwọn ilé inú ọgbà pọ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ICTP, ilé-iṣẹ́ ìwádìí físíìsì àgbáyé ní Trieste, Ítálì, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Kí OníKáfè tó ná kọ́bọ̀, kó ṣí Google Earth lórí kọ̀ǹpútà. Fa ìlà láti orí òrùlé Pàràkín dé orí ṣọ́ọ̀bù Ìmọ̀, tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún eku lórí ìlà náà, kí o mú "Show Elevation Profile". Wàá rí bí ilẹ̀ ṣe ń gòkè tó ń sọ̀. Wá gbogbo ibi tó yọrí, kì í ṣe agbedeméjì nìkan. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣe ìṣirò ìwú ilẹ̀, fi àyè Fresnel kún un, fi mítà 25 kún un fún igi. Ibi tí oko kòkó wà, gun ọ̀kadà lọ wò ó. Máàpù kò mọ igi tó wà níbẹ̀ lónìí.

———

Adé_Físíìsì

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, nítorí àkọlé ìbéèrè yìí ju Ifẹ̀ àti Iléṣà lọ. "Ṣé agbára kékeré lè dé ọ̀nà jíjìn?" Ó lè dé ibi tí ẹ kò lérò. Voyager 1, ọkọ̀ tí NASA rán lọ sí ojú-ọ̀run ní 1977, ń fi nǹkan bíi wáàtì 23 sọ̀rọ̀, ó ti kọjá bílíọ̀nù 24 kìlómítà, díìṣì oní mítà 70 sì ń gbọ́ ọ. Àmọ́ ìwọ̀n 160 bit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ló fi ń fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́. Rédíò LoRa náà, irú tí ẹ̀rọ kéékèèké fi ń rán ìròyìn díẹ̀ lọ jìnnà: ní 2017, wọ́n gbọ́ LoRa oní 25 mW láti 702 kìlómítà nígbà tí bálúùnù gbé e lọ sókè réré.

Ohun tí wọ́n fi ra ìjìnnà náà ni ìyára. LoRa nígbà tó bá ń rìn lọ jìnnà jù ń gbé nǹkan bíi 290 bit ní ìṣẹ́jú-àáyá. Fọ́tò 1 MB kan á gbà ju wákàtí méje lọ. Ó dára gan-an fún ẹni tó fẹ́ mọ bí omi ṣe kù nínú táǹkì oko rẹ̀ ní Ìfẹ̀wàrà. Kò wúlò fún káfè.

WiFi náà ní irú rẹ̀. Tí ẹ bá fún channel náà, ìyẹn ojú ọ̀nà tí ìgbì ń gbà, pọ̀ láti 20 MHz sí 10 MHz, ariwo tí rédíò ń gbọ́ á fi 3 dB dín kù, ìyára tó ga jù á sì di ìdajì. Lórí ọ̀nà 25 kìlómítà tí agbára rẹ̀ kù díẹ̀, 10 MHz tó dúró sán-ún sàn ju 40 MHz tó ń já lójoojúmọ́.

———

OníKáfè_Ìmọ̀

Ó yé mi. Ṣé kí n lo 2.4 àbí 5.8? Ẹnìkan tún ní rúta òun rí àmì dáadáa lórí ọ̀nà kìlómítà mẹ́wàá, síbẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì kò rìn. Kí ló fa ìyẹn?

———

Tẹkí_Sábó

Aago ni. Ìmọ́lẹ̀ àti ìgbì rédíò ń rin 300 mítà ní máíkírósẹ́kọ́ńdì kan. Kìlómítà 25, 83 máíkírósẹ́kọ́ńdì ní àlọ, 167 ní àlọ àti àbọ̀. Rúta tí wọ́n ṣe fún inú ilé kò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Á rán ìdìpọ̀ dátà, á retí èsì fún ìgbà díẹ̀, á gbà pé ó sọnù, á tún un rán. Nígbà yẹn gan-an ni èsì àkọ́kọ́ ń wọlé, wọ́n á wá forí gbárí. Ohun tí ẹ óò rí nìyí: àmì wà ní −62, ó dára, ping (ìdánwò bóyá ọ̀hún ń dáhùn) ń já lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, nígbà mìíràn ó ń gba ìṣẹ́jú-àáyá odidi, ìyára dé 1 Mbps ó dúró síbẹ̀. Àwọn kan á ní áńténà ni, wọ́n á máa yí i kiri títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lórí OpenWrt, software tí ẹ lè fi rọ́pò ti inú rúta, nínú fáìlì /etc/config/wireless, ẹ fi èyí sí abẹ́ rédíò náà:

option distance '26000'

Mítà ni. Ẹ jẹ́ kó fi díẹ̀ ju ìjìnnà gidi lọ, ẹ má jẹ́ kó dín. Lápá méjèèjì ni o, kì í ṣe apá kan. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló máa gbà á. Tí dráífà rúta yín (software tó ń darí rédíò inú rẹ̀) kò bá gbà á, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe fún un lórí ọ̀nà yìí.

Èyí tó dára jù ni rédíò tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà jíjìn, irú ti Ubiquiti tó ní airMAX tàbí MikroTik tó ní nv2. Àwọn wọ̀nyẹn kì í dúró gbọ́ bóyá afẹ́fẹ́ ṣófo kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n pín àkókò: ìwọ sọ tìrẹ, èmi á sọ tèmi. Ní ọ̀nà jíjìn, gbígbọ́ kí a tó sọ̀rọ̀ kò níláárí, torí ohun tí ẹ gbọ́ ti pẹ́ kó tó dé etí yín.

Ní ti 2.4, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ní Lágéré àti Sábó nìkan, hotspot tó wà níbẹ̀ ti kún channel mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wúlò.

———

Bàbá Másìtì

5.8 ni. Òfuurufú ń jẹ 136 dB níbẹ̀ dípò 128, àmọ́ díìṣì tí kò tó mítà kan ní ìbú á fún yín ní 30 dBi. Rédíò sì wà lẹ́yìn díìṣì gan-an, wáyà áńténà kò gùn tó láti jẹ nǹkan kan:

20 + 30 + 30 − 136 = −56 dBm

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé rúta sínú yàrá kí ẹ wá fi wáyà áńténà RG-58 gbé e lọ sórí òpó. Lórí 2.4, RG-58 ń jẹ nǹkan bíi 1 dB ní mítà kan, ó sì ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lórí 5.8. Mítà 20 á jẹ 20 dB: nínú 100 mW tí ẹ rán, 1 mW ló máa dé áńténà. Rédíò lórí òpó, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì Cat5e ti ìta gbangba ló máa gbé dátà àti iná lọ bá a, kó má kọjá 100 mítà. Kí wáyà náà rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó wọlé, kí omi òjò máa kán dànù níbẹ̀, kó má ṣe tẹ̀ lé wáyà wọnú ẹ̀rọ.

Títo díìṣì sójú ara wọn ló ń gba sùúrù jù. Ìtànṣán díìṣì 30 dBi kò fẹ̀ ju nǹkan bíi dígírì márùn-ún lọ, dígírì kan ní 25 kìlómítà sì jẹ́ mítà 436. Láti Ifẹ̀, Iléṣà wà ní apá àríwá-ìlà-oòrùn; ẹ mú dígírì rẹ̀ gan-an lórí Google Earth, ẹ lo kọ́ńpáàsì láti jìnnà sí òpó, nítorí irin ń tan kọ́ńpáàsì jẹ. Ẹnìkan ló ń yí díìṣì ní àsìkò kan, ẹnì kejì ń ka nọ́ńbà fún un lórí fóònù. Ẹ máa fi sùúrù yí i sí ẹ̀gbẹ́. Tí nọ́ńbà bá dára dé góńgó tó bẹ̀rẹ̀ sí í burú, ẹ má dúró. Ẹ tẹ̀síwájú ní dígírì mẹ́wàá sí i, kí ẹ tún padà sẹ́yìn kọjá rẹ̀. Díìṣì ní ìtànṣán ẹ̀gbẹ́ tó rẹlẹ̀ ju ti àárín lọ ní 15 sí 20 dB, ẹni tó bá kọ́kọ́ bá a pàdé á rò pé òun ti débẹ̀. Ìṣirò lẹ máa fi dá a mọ̀. Ẹ ṣírò −56, ẹ rí −74: ẹ wà lórí ìtànṣán ẹ̀gbẹ́, tàbí igi wà lọ́nà, tàbí ìgbì díìṣì kan dúró lóòró tí ti èkejì dùbúlẹ̀. Tí ẹ bá rí −58, ẹ dè é pa.

———

Ọmọ_Ọwá

Òjò àti ọyẹ́ ńkọ́? Iléṣà yìí, òjò tó ń rọ̀ lóṣù kẹsàn-án kì í ṣe kékeré.

———

Adé_Físíìsì

Òjò ńlá lè jẹ dB mélòó kan lórí 5.8, rédíò tó kọjá 10 GHz ló ń pa. Ọyẹ́ ni kí ẹ fojú sí. Ní òru àti ìdájí, afẹ́fẹ́ tútù máa ń wà nísàlẹ̀ tí èyí tó gbóná á wà lókè rẹ̀, ìgbì á tẹ̀ gba ibi tí kò yẹ kó gbà, agbára á lọ sílẹ̀ lójijì, á tún padà. Ẹ fi 15 sí 20 dB sílẹ̀ ju ohun tí ìyára tí ẹ fẹ́ nílò lọ. Iná dá, ààrá sán, ìyẹn ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́ ní tòótọ́: ọ̀pá ààrá gbọ́dọ̀ ga ju rédíò lọ, wáyà bàbà tó nípọn láti orí rẹ̀ dé irin tí wọ́n gbá wọlẹ̀, àti ẹ̀rọ agbààrá-sílẹ̀ lórí Cat5e ní orí òpó àti ní ẹnu ọ̀nà ilé.

———

OníKáfè_Ìmọ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Tí mo bá fa ìlà náà tó sì kan òkè ńkọ́?

———

Tẹkí_Sábó

Ẹ pín ọ̀nà náà sí méjì. Ẹ wá ilé alájà tàbí orí òkè lágbègbè Òṣú tó rí Ifẹ̀ tó sì rí Iléṣà. Fún 12.5 kìlómítà lórí 5.8, ìwú ilẹ̀ di mítà 2 lé díẹ̀, 60 nínú ọgọ́rùn-ún àyè Fresnel di mítà 8. Mítà 10 dípò 20 lókè igi, agbára sì fi 6 dB pọ̀ sí i.

Rédíò méjì ni kí ẹ gbé síbẹ̀, ẹyọ kan fún apá kọ̀ọ̀kan, wáyà kúkúrú láàárín wọn. Ẹni tó bá fi rédíò kan ṣoṣo ṣe é, ìdajì ìyára rẹ̀ ti lọ. Ẹ fi channel tó jìnnà síra sí wọn, kí díìṣì méjèèjì má sì wà lójú kan náà lórí òpó. Rédíò méjì àti swíìṣì kan ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 20, 480 wáàtì-wákàtí lójúmọ́. Sólà 200 wáàtì á gbé e lẹ́ẹ̀rùn. Lóṣù kẹjọ tí oòrùn kò yọ dáadáa, 300 ni kí ẹ rà, pẹ̀lú bátìrì lítíọ́ọ̀mù 12.8 V oní 100 Ah tó máa gbé e fún bí ọjọ́ méjì láìsí oòrùn. Ẹ bá onílé ṣàdéhùn lórí ìwé, kí ẹni tó ń gbé níbẹ̀ mọ nọ́ńbà yín.

———

Bàbá Másìtì

Ẹ ka ìwé àdéhùn fáíbà yẹn pẹ̀lú kí ẹ tó ra díìṣì. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í gbà kí wọ́n gbé e kúrò ní ilé tí wọ́n fà á sí, káfè sì ni ẹ fẹ́ fi í ṣe. Tí ẹ bá ní in lọ́kàn láti pín in fún àwọn ilé tó yí yín ká lówó, ìwé àṣẹ NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ló kàn. Òpó tó bá ga, ẹ bi NCAA nípa àṣẹ gíga nítorí ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹ fi àwòrán ilẹ̀ náà síbí tí ẹ bá ti fà á, pẹ̀lú gíga òrùlé méjèèjì. A óò bá yín ka gbogbo ibi tó yọrí.